Ọ̀nì Ayé Àtijọ́ àti Ìpìlẹ̀ Ilẹ̀ Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò

Ìtàn Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn Àwórì tó tẹ agbègbè náà dó, ó ń gba orí ẹja pípa àti àgbọn tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó lọ sí Èkó àti Àgbádárìgì, ó sì ń dé ìgbà tí ọjà Alábà, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, bárékè àwọn ọmọ ogun àti òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì sọ àwọn ìlú náà di ìgboro. Ìtàn yẹn kò ní àbùkù, àmọ́ ó ń ka ilẹ̀ sí ohun tó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ọjọ́ orí, ó sì ní àwọn ẹ̀dá tó ti lo ayé tiwọn tán kí iyanrìn rẹ̀ tó balẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí, kò sí èyí tó lè jẹ́rìí sí ìbẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ náà tó ẹranko afàyàfà kan tó jọ ọ̀nì, tó sì tóbi ju ọ̀nìkọ́nì tó wà láyé lónìí lọ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sarcosuchus. Ìdí ni pé ìgbà tí ẹranko náà ń jẹ̀ nínú odò ni ilẹ̀ Áfíríkà àti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ń ya kúrò lára ara wọn, ìyapa yẹn gan-an ló sì ṣí kòtò tí Ọ̀jọ́ jókòó lé lónìí.

Kò sí egungun Sarcosuchus kankan tí ẹnikẹ́ni wú jáde ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà tàbí ní Òkokomáíkò, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni retí rẹ̀ níbẹ̀, fún ìdí tí yóò hàn níwájú. Ibi tí egungun rẹ̀ ti pọ̀ jù lọ ni Gadoufaoua, nínú aṣálẹ̀ Ténéré ní orílẹ̀-èdè Niger, níbi tó jẹ́ pé yanrìn àti afẹ́fẹ́ gbígbóná ló jọba lónìí, ṣùgbọ́n tó jẹ́ ilẹ̀ odò ńlá, ẹrẹ̀ àti igi ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 112 sẹ́yìn. Láàárín 1946 sí 1959 ni Albert-Félix de Lapparent, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Faransé tó tún jẹ́ onímọ̀ nípa àpáta, ti ń ṣa eyín àti egungun ẹ̀yìn irú ẹranko yìí káàkiri Sàhárà, kó tó di pé ní 1964 àwọn òṣìṣẹ́ àjọ agbára átọ́míìkì ilẹ̀ Faransé, tó ń ṣe ìwádìí ilẹ̀ ní àríwá Niger, bá agbárí kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé pérépéré pàdé. Wọ́n gbé agbárí náà lọ sí Paris, nígbà tó sì di 1966 France de Broin àti Philippe Taquet ṣe àpèjúwe rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Sarcosuchus imperator. Paul Sereno ti Yunifásítì Chicago kó àwọn ènìyàn padà lọ sí aṣálẹ̀ náà ní 1997 àti ní 2000, àwọn egungun tí wọ́n sì rí ló jẹ́ kí wọ́n lè kọ̀wé ní 2001 nípa odindi ara ẹranko náà, kì í ṣe orí nìkan.

Agbárí àgbà Sarcosuchus gùn tó nǹkan bíi mítà 1.5 sí 1.6, imú rẹ̀ tó nà gbọọrọ ló sì gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gígùn náà. Ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, eyín 35 ló wà ní àgbọ̀n òkè, 31 sì wà ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀, èyí tó jẹ́ 132 lápapọ̀, eyín òkè sì yọ síwájú ju ti ìsàlẹ̀ lọ tó bẹ́ẹ̀ tó fi bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹnu bá pa dé. Àwọn eyín náà nípọn, orí wọn kò mú ṣóńṣó bíi ti àwọn afàyàfà tí ń jẹ ẹja nìkan, èyí tó mú kí àwọn onímọ̀ gbà pé ó ń jẹ ẹja ńlá, ó sì lè gbá ẹranko orí ilẹ̀ mú bí ìyẹn bá wá mu omi, pàápàá àwọn dáínósọ̀ tí egungun wọn wà nínú àpáta kan náà pẹ̀lú tirẹ̀, bí Ouranosaurus àti Nigersaurus. Ní ìparí imú, egungun náà wú sókè di kókó ńlá tó ṣófo nínú, tí àwọn kan rò pé ó wà fún gbígbóòórùn tàbí fún igbe, ṣùgbọ́n tí irú rẹ̀ kò sí lára ọ̀nì kankan tó ṣẹ́kù láyé àyàfi pé akọ gharial ti ilẹ̀ Íńdíà ní kókó ẹran kan tó jọ ọ́. Ojú rẹ̀ dojú kọ òkè, èyí tó ń jẹ́ kó lè fara pamọ́ sínú omi kó sì máa ṣọ́ etí odò.

Ohun tó wúlò jù fún ìmọ̀ nípa ìgbé ayé rẹ̀ ni àwọn pákó egungun tó tò sẹ́yìn rẹ̀ láti ọrùn títí dé àárín ìrù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn tó ìgbésẹ̀ ọmọdé, tí ojú rẹ̀ kún fún ihò kéékèèké, tí etí ọ̀kan sì gun orí èkejì. Bí wọ́n bá fi ayùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ gé pákó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi, wọ́n á rí ìlà ìdàgbà, ọ̀kan fún ọdún kan. Lára ẹranko kan tí kò tíì dàgbà tán, Sereno àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka nǹkan bí ogójì ìlà, wọ́n sì ti ibẹ̀ ṣírò pé ẹranko náà á ti tó ẹni àádọ́ta sí ọgọ́ta ọdún kó tó dé òtéńté ìdàgbà rẹ̀. Ní ti gígùn ara, wọ́n kọ ní 2001 pé ó tó mítà 11 sí 12, ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́jọ. Òǹkà yìí ni àwọn ìwé ọmọdé àti fíìmù ṣì ń tẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí 2019 tó fi ìbú orí àwọn ọ̀nì alààyè wọn tirẹ̀ ti fà á wálẹ̀ sí mítà mẹ́sàn-án àti díẹ̀, pẹ̀lú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́rin. Òǹkà kejì yìí ló yẹ kí ènìyàn dì mú, nítorí ó sinmi lé ìwọ̀n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nì alààyè, kò sì dín ọlá ẹranko náà kù: ọ̀nì alààyè tó gùn jù lọ tí wọ́n fi okùn wọ̀n dáadáa, èyí tí wọ́n mú ní ilẹ̀ Philippines ní 2011, kò ju mítà 6.17 lọ. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2014 fi hàn pé agbárí Sarcosuchus kò lágbára tó láti dìrọ̀ mọ́ ẹran kó sì máa yí gbirigbiri nínú omi bí ọ̀nì òde òní ti í ṣe láti fa ẹran ya, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbígbámú àti fífà wọnú omi nìkan ni ọgbọ́n rẹ̀.

Kò tọ́ láti pe ẹranko yìí ní bàbá ńlá àwọn ọ̀nì òde òní, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníròyìn ti máa ń ṣe. Inú ẹbí kan tí wọ́n ń pè ní Pholidosauridae ló wà, ẹbí yẹn sì ti kú run láìfi ọmọ kankan sílẹ̀; àwọn ọ̀nì tòótọ́ wá láti ẹ̀ka mìíràn nínú agbo kan náà. Ìjọra wọn wá láti inú iṣẹ́ kan náà tí àwọn méjèèjì ń ṣe létí omi, pẹ̀lú ìbátan ọ̀nà jíjìn tó wà láàárín wọn.

Ẹ̀rí tó so ẹranko aṣálẹ̀ yìí mọ́ etíkun Èkó wà ní òdìkejì òkun. Ní agbègbè Recôncavo tó yí ìlú Salvador ká ní Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, Charles Frederick Hartt ṣa eyín kan nínú àpáta odò àti adágún àtijọ́, Othniel Marsh sì sọ ẹranko tó ni ín ní Crocodylus hartti ní 1869, láìmọ ohun tó jẹ́ gan-an. Ó tó ọdún méjìdínláàádọ́fà lẹ́yìn náà, ní 1977, kí Eric Buffetaut àti Taquet tó gbé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kan láti Bahia, tó ti wà ní mùsíọ̀mù London tipẹ́, ka iwájú egungun ti Niger, tí wọ́n sì rí i pé ọ̀kan náà ni ìran àwọn méjèèjì, Sarcosuchus ni Bahia, Sarcosuchus ni Ténéré. Àwọn onímọ̀ Bùràsíìlì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bóyá egungun Bahia tó láti dá jẹ́ orúkọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sẹ́ pé Sarcosuchus ni. Ẹranko odò ni, omi tí kò ní iyọ̀ ló ń gbé, kò sì lè lúwẹ̀ẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà lórí òkun. Àlàyé tó kù ni pé kò sí òkun láàárín Bahia àti Áfíríkà nígbà náà.

Ènìyàn tó bá mọ ìtàn Àgbádárìgì kò lè ka orúkọ Bahia kọjá wẹ́rẹ́. Láti etíkun yìí, ní ọ̀rúndún 18 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, ni wọ́n ti kó àwọn ọmọ káàárọ̀-oòjíire tí wọ́n tà lẹ́rú lọ sí Salvador àti àwọn oko ìrèké Recôncavo, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ Nàgó, níbi tí àwọn Mùsùlùmí inú wọn ti dìde sí àwọn olówó ẹrú ní 1835, tí ẹ̀sìn òrìṣà sì ti fìdí múlẹ̀ títí dòní. Erùpẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé òrìṣà wọn lé ní Recôncavo àti erùpẹ̀ tó jìn jù lábẹ́ Ọ̀jọ́ jẹ́ ọmọ ìyá: àwọn kòtò tí ìyapa kan náà ṣí ni wọ́n kó sí, ní sáà kan náà nínú ìtàn ayé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kòtò Recôncavo bẹ̀rẹ̀ sí í ya, kò sì yà tán, ó dúró sínú ilẹ̀ Bùràsíìlì, nígbà tí ti Èkó yà títí tí omi òkun fi gbà á.

Ọ̀rọ̀ pé àwọn ilẹ̀ ńlá ń rìn kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Sarcosuchus. Alfred Wegener ti Jámánì ló sọ ọ́ ní gbangba ní 1912, tó sì fi ìwé gbè é lẹ́sẹ̀ ní 1915, ọ̀kan lára àwọn ẹlẹ́rìí tí òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e sì máa ń pè ni Mesosaurus, afàyàfà kékeré kan tó gùn tó mítà kan, tó ní ẹnu ṣọṣọrọ àti ìrù ìlúwẹ̀ẹ́ bíi ti ọ̀nì kékeré, tó sì ti kú run ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 280 sẹ́yìn, tí wọn kò rí egungun rẹ̀ níbòmíràn yàtọ̀ sí gúúsù Áfíríkà àti gúúsù Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kọ̀ ọ́ fún ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rí tó sún mọ́ ilẹ̀ Yorùbá jù dé ní 1967, nígbà tí Patrick Hurley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà àti São Paulo wọn ọjọ́ orí àpáta Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n rí i pé ààlà kan wà tó wọ inú òkun nítòsí Accra, tí àpáta ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ tó ẹni bílíọ̀nù ọdún méjì, tí ti ìlà-oòrùn rẹ̀, tó ní Togo, Benin àti Nàìjíríà nínú, sì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 600. Wọ́n ṣírò ibi tí ó yẹ kí ààlà náà gbà jáde ní Bùràsíìlì bí ilẹ̀ méjèèjì bá ti so pọ̀ rí, wọ́n sì bá a níbẹ̀, nítòsí ìlú São Luís. Àpáta bí Olúmọ ní Abẹ́òkúta wà lára ìlà-oòrùn ààlà yẹn.

Nígbà tí ìyapa náà ń bọ̀ wá sí ìhà ibi tí Èkó wà, àpáta líle yìí ló kọ́kọ́ fọ́. Apá kan rẹ̀ rì, omi òjò ṣàn wọ inú ibi tó rì, ó di adágún àti odò, àwọn odò náà sì ń ru iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ láti orí ilẹ̀ gíga wá dà síbẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní Kòtò Dahomey nìyẹn: ibi gbọọrọ tí ilẹ̀ ti rì, tí erùpẹ̀ sì ti kún, láti gúúsù ìlà-oòrùn Ghana gba Togo àti Benin wá dé ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, tó fi jẹ́ pé ojú kò lè rí i ní kòtò mọ́. M. E. Omatsola àti O. S. Adégòkè ló pín erùpẹ̀ tó jìn jù níbẹ̀ sí ìpele mẹ́ta ní 1981, Ise, Afowo àti Araromi, orúkọ tí wọ́n mú láti ara kànga tí wọ́n gbẹ́ ní etíkun. Ìpele Ise, tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, jẹ́ iyanrìn odò tó balẹ̀ kí òkun tó wọlé, sáà tó sì balẹ̀ ni sáà Sarcosuchus. Bí egungun ẹranko náà tàbí ti ìbátan rẹ̀ bá wà lábẹ́ Ọ̀jọ́ rárá, inú ìpele yẹn ni yóò wà, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti gbẹ́ ilẹ̀ ju kìlómítà kan lọ, kò sì sí kànga ẹ̀rọ tí ará Òkokomáíkò lè gbẹ́ sí àgbàlá rẹ̀ tó lè dé ìdajì ọ̀nà ibẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí àwọn ìpele wọ̀nyí ṣe tò kò nílò ẹ̀rọ kankan, nítorí wọ́n dagun díẹ̀ sí ìhà òkun bí ẹní tí wọ́n tẹ́ lé ara wọn, tí etí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yọ síta ní àríwá. Bí ọkọ̀ bá kúrò ní Ìyànà Ìbà tó gba ojú ọ̀nà Ìgàndò bọ́ sí òpópónà Abẹ́òkúta, ó ń lọ láti orí ilẹ̀ tuntun sí orí ilẹ̀ àtijọ́. Etí omi Ọ̀jọ́ jẹ́ iyanrìn àti ẹrẹ̀ tí odò àti ọ̀sà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá. Láti Ìbà lọ sókè ni erùpẹ̀ pupa tó ń lẹ̀ mọ́ bàtà lásìkò òjò, tó jẹ́ ara iyanrìn pẹ̀tẹ́lẹ̀ etíkun, èyí tí ọ̀pọ̀ kànga ẹ̀rọ Èkó ti ń fa omi. Lẹ́yìn Ọ̀tà àti Ifọ̀ ni àwọn ìpele tó ti jẹ́ ìsàlẹ̀ òkun rí ń yọjú, títí kan èyí tó ní òkúta fọ́sífeètì ní Ọ̀ṣọ́ṣun. Ní Ewékorò ni òkúta ẹfun wà, òkúta tí ikarahun ìgbín òkun, akàn àti àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ di lẹ́yìn tí wọ́n kú, tí H. A. Jones àti R. D. Hockey fi orúkọ ìlú náà pè ní 1964, tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sì ti ń gbẹ́ láti nǹkan bí 1960. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iyanrìn Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ìyẹn ni àpáta líle. Ìrìn àjò tí kò tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà yìí kọjá lórí ìtàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún, ó sì ṣeni láàánú pé kò sí pátákó kan lójú ọ̀nà tó sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń gbà á kọjá lójoojúmọ́.

Nígbà tí òkun ti gba ibi tí Ọ̀jọ́ wà tán, Sarcosuchus kò sí láyé mọ́, àwọn afàyàfà mìíràn tó jọ ọ̀nì sì ti gba omi. Àwọn ni Dyrosauridae, ẹbí tó ní ẹnu gígùn bíi ti gharial, tó fẹ́ràn òkun àti ẹnu odò, tí àwọn kan nínú wọn sì gùn ju mítà mẹ́fà lọ. Ní ti àwọn wọ̀nyí, Nàìjíríà ní ẹ̀rí tirẹ̀, àmọ́ Sókótó ni wọ́n ti rí i, níbi tí apá òkun kan láti àríwá ti gba Mali àti Niger wọlé dé ní ìparí sáà àwọn dáínósọ̀. W. E. Swinton ti mùsíọ̀mù London ló tẹ ìwé jáde ní 1930 lórí egungun afàyàfà tí ọ́fíìsì ìwádìí ilẹ̀ Nàìjíríà kó láti agbègbè Sókótó, ibẹ̀ ló sì ti dá orúkọ Rhabdognathus sílẹ̀ fún ẹranko kan tí kò ju ègé àgbọ̀n lọ lọ́wọ́ rẹ̀; orúkọ náà wúlò títí dòní, nítorí pé agbárí tó dára jù tí wọ́n rí ní Mali lẹ́yìn náà wọ inú rẹ̀. Ní 1975, L. B. Halstead ṣe àpèjúwe òmíràn láti Sókótó, ó sọ ọ́ ní Sokotosuchus ianwilsoni, ó sì kà á mọ́ ẹbí ọ̀nì òkun tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí Buffetaut tó yẹ egungun náà wò tó sì fi hàn pé Dyrosauridae ni. Ó yẹ kí orúkọ yìí wà lẹ́nu àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Nàìjíríà bí orúkọ Sarcosuchus ti wà lẹ́nu àwọn ará Niger, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀kọ́ tó dárúkọ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Inú àpáta Sókótó kan náà ni Goronyosaurus ti jáde, tí wọ́n fi ìlú Gòrónyò sọ lórúkọ. Aláǹgbá òkun ni ní tirẹ̀, ó sún mọ́ awọ́nríwọ́n ju ọ̀nì lọ, ṣùgbọ́n àgbọ̀n rẹ̀ gùn, ó le, ó sì ní ihò jíjìn tí eyín òdìkejì ń wọ̀ bí ẹnu bá pa dé, tó fi jẹ́ pé Theagarten Lingham-Soliar, tó ṣe ìwádìí rẹ̀ láti 1988, gbà pé bí ọ̀nì ló ṣe ń ṣọdẹ. Swinton ló kọ́kọ́ rí i láàárín egungun 1930 tó sì pè é ní Mosasaurus, kí àwọn onímọ̀ láti Ìtálì tó fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ báyìí ní 1972.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Goronyosaurus àti Dyrosauridae hàn ní ọdún mílíọ̀nù 66 sẹ́yìn, nígbà tí òkúta ńlá láti ojú ọ̀run já lu ibi tí Mexico wà lónìí, tí òkùnkùn àti òtútù tó tẹ̀ lé e sì pa dáínósọ̀ tí kì í ṣe ẹyẹ run, pẹ̀lú gbogbo ìran aláǹgbá òkun. Dyrosauridae yè é. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ohun tó gbà wọ́n ni pé wọn kò gbé òkun nìkan, pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ wọn máa dàgbà nínú odò, níbi tí oúnjẹ kò ti gbẹ́kẹ̀ lé ewéko òkun tí oòrùn kò ràn sí mọ́. Ohun tó dájú ni pé lẹ́yìn àjálù náà ni wọ́n gbilẹ̀ jù lọ, tí egungun wọn fi wà láti Tunisia dé Colombia. Sáà ìgbilẹ̀ wọn yìí ni òkúta ẹfun Ewékorò ń balẹ̀, tí omi òkun lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí kò jìn sì bo ibi tí Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò yóò wà. Ní etíkun kan náà, sí gúúsù, Louis Dollo ti ilẹ̀ Belgium ṣe àpèjúwe ọ̀kan nínú wọn, Congosaurus, láti Landana ní Cabinda ní 1914. Nínú Kòtò Dahomey fúnra rẹ̀, ní apá Togo tó wà lábẹ́ ìjọba Jámánì nígbà náà, Ernst Stromer ti ṣe àpèjúwe egungun afàyàfà àti ẹja òkun àtijọ́ ní 1910.

Òkun fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà, iyanrìn odò sì gorí ohun gbogbo. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ létí omi Ọ̀jọ́ kò pẹ́ rárá: nígbà tí yìnyín bo apá ńlá Yúróòpù ní nǹkan bí ọdún 20,000 sẹ́yìn, ojú òkun wálẹ̀ ní nǹkan bí 120 mítà, etíkun sì jìnnà sí gúúsù, ìgbà tí yìnyín yọ́ ni omi padà wá kún àwọn àfonífojì odò, tí ìgbì sì kó iyanrìn jọ di òkìtì gbọọrọ, tí ọ̀sà àti odò tó so Èkó mọ́ Àgbádárìgì àti Port-Nóvò fi rí àyè jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Inú omi tuntun yìí ni àwọn ọ̀nì tòótọ́ wá ń gbé. Mẹ́ta ni irú wọn tó wà ní Nàìjíríà: ọ̀nì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ìwádìí lórí àbùdá rẹ̀ fi hàn ní 2011 pé ó yàtọ̀ sí ti odò Náílì, ọ̀nì ẹlẹ́nu ṣọṣọrọ, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun, àti ọ̀nì kúkúrú inú àbàtà, tí kì í sábà ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ń fi iyanrìn dí àbàtà láti kọ́lé láti Àmùwò dé Ọ̀jọ́ ni ibùgbé wọn ń lọ.

Ibi tí iṣẹ́ kù sí ni Ewékorò àti Ṣàgámù, níbi tí ẹ̀rọ ti ń lọ òkúta ẹfun di sìmẹ́ǹtì. Ìwé tí Maureen O'Leary àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2019 fi hàn pé àpáta òkun Mali, tí apá kan rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ Ewékorò lọ́jọ́ orí, kún fún Dyrosauridae, wọ́n sì rí i níbẹ̀ nítorí pé wọ́n lọ wá a ni. Ọ̀nà Ewékorò kò jìn sí àwọn ẹ̀ka jìọ́lọ́jì ní Èkó, Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Àgọ́-Ìwòyè bí aṣálẹ̀ Mali ti jìn sí New York tí wọ́n ti gbéra. Eyín ni akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wo ògiri ibi ìgbẹ́kúta náà yóò kọ́kọ́ fi ojú wá, nítorí pé afàyàfà wọ̀nyí ń pààrọ̀ eyín ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, èyí tó já bọ́ sì ń rì sínú ẹrẹ̀: ó gùn tó ìka ọwọ́, ó dúdú tàbí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó tẹ̀ díẹ̀, ó sì ní ẹnu mímú méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.